Ẹja àti Ìnira Tí Ń Ṣáájú Nǹkan Oṣù: Ọ̀rọ̀ fún Gbogbo Ilé ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Bí òwe yìí bá bá ẹnikẹ́ni mu ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará Ìlàjẹ ni ó kọ́kọ́ bá mu. Láti Aráròmí ní apá ìwọ̀-oòrùn, títí dé Ayétòrò, Ùgbònlá àti Àwòyè ní apá ìlà-oòrùn, omi ni oko wọn, àwọ̀n sì ni ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ àwọn apẹja ti ń dorí kọ ojú òkun; nígbà tí wọ́n bá sì gúnlẹ̀, àwọn obìnrin a ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú agbọ̀n àti abọ́. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣa ẹja, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń yan án lórí ààrò, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹja tí ó gúnlẹ̀ kì í pẹ́ ní ìlú. Ọkọ̀ ojú omi a gbé e lọ sí ọjà Ìgbókòdá. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ilẹ̀ yóò ti kó o lọ sí Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Èkó. Ohun rere ni èyí, nítorí pé owó ẹja ni a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun náà ni a fi ń ra àwọ̀n tuntun. Bí ó ti wù kí ó rí, ó yẹ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè: nígbà tí ẹja bá ti lọ sí ọjà tán, tí bàbá ilé sì ti gba ìpín tirẹ̀, kí ni ó kù nínú ìkòkò fún ìyá tí èéfín ń ta lójú bí ó ti ń yan án, àti fún ọmọdébìnrin tí ó bá a ṣa á? Ní ilé mìíràn, omi ọbẹ̀ lásán ni àwọn méjèèjì yóò fi jẹ pupuru wọn.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn ẹnu nìkan. Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè mélòó kan fi hàn pé àwọn èròjà kan tí ó wà nínú ẹja lè dín ìnira kan kù, èyí tí ń bá ọ̀pọ̀ obìnrin jà ní ọjọ́ díẹ̀ kí nǹkan oṣù wọn tó dé. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ń ru ẹja lọ sí ọjà máa ru ohun tí ì bá tu òun fúnra rẹ̀ lára lọ fún ẹlòmíràn.

ÌNIRA WO NI ÈYÍ?

Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní gbangba. Ìtìjú yìí ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin máa jìyà láìmọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Bí ó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí nǹkan oṣù dé, ọmú obìnrin lè wú kí ó sì máa dùn ún. Ikùn rẹ̀ lè máa kún bí ẹni pé ó jẹun jù. Orí lè máa fọ́ ọ, kí ìbàdí sì máa ro ó. Ó lè máa rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́, kí oorun má sì kùn ún ní òru. Ọkàn rẹ̀ pàápàá kì í sinmi. Ohun kékeré a bí i nínú, ẹkún a gbọ̀n ọ́n láìnídìí, ìbànújẹ́ a sì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a rọlẹ̀ bí ìjì tí ó ti kọjá lórí òkun. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, a tún padà.

Bí ọmọbìnrin bá wí pé, “Ìyá mi, ara mi kò le, orí ń fọ́ mi,” èsì tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Fara dà á, ọmọ mi, gbogbo obìnrin ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Ọkọ tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé ìwà ni ìyàwó òun kò ní. Àwọn mìíràn a wí pé ayé ni ó ń ṣe é, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó kiri. Ṣùgbọ́n ìnira yìí kì í ṣe ìwà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èpè. Ní ọdún 1931, dókítà kan ní ìlú New York, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Frank, kọ ìwé lórí rẹ̀. Ní ọdún 1953, dókítà méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Raymond Greene àti Katharina Dalton, ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún nínú ìwé àwọn oníṣègùn, wọ́n sì fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan, ara náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí.

Àwọn dókítà ti fi àmì sílẹ̀ tí a fi lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àìsàn mìíràn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin àti ìgbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ó bá jẹ́ òun ní tòótọ́, yóò máa hàn ní ọjọ́ márùn-ún tí ó ṣáájú nǹkan oṣù, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta léraléra. Yóò lọ kí ọjọ́ kẹrin nǹkan oṣù tó kọjá. Yóò sì máa dí obìnrin náà lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá tí kò lè kọ̀wé lè fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ní ọjọ́ tí ara kò bá lè, kí ó sì fi àmì mìíràn sí ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé. Láàárín oṣù mẹ́ta, ògiri náà yóò sọ òtítọ́ fún un.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Ará etí òkun kò ní ṣòro láti kọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó mọ bí omi òkun ti ń kún àti bí ó ti ń fà. Bákan náà ni ó rí nínú ara obìnrin. Ní nǹkan bí àárín oṣù, ẹyin kan tí ó lè di ọmọ a jáde nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìránṣẹ́ kan tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mónù, a bẹ̀rẹ̀ sí í kún láti tún ilé-ọmọ ṣe sílẹ̀ de oyún. Bí oyún kò bá dúró, àwọn họ́mónù náà a fà sẹ́yìn kíákíá, nǹkan oṣù a sì dé. Gbogbo obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó ń rí kíkún àti fífà yìí, ṣùgbọ́n ara kò dọ́gba. Ọpọlọ àwọn obìnrin kan a máa fura sí i púpọ̀ ju ti àwọn mìíràn lọ. Àwọn wọ̀nyí ni ìnira ń bá jà.

Ohun kejì tún wà. Ara a máa fi ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ prostaglandin. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, èròjà yìí ni ó ń mú kí ilé-ọmọ máa fún ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fún aṣọ tí ó fọ̀. Bí ó bá mọ níwọ̀n, kò sí ewu. Bí ó bá pọ̀ jù tàbí tí ó le jù, inú rírun, ìbàdí ríro, orí fífọ́ àti èébì lè tẹ̀lé e.

IBI TÍ Ẹ̀JA TI WỌ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé sórí omi mọ̀ pé irú igi tí òun bá lò ni yóò sọ bí ilé náà yóò ti lágbára tó. Irú ọ̀rá tí ènìyàn bá ń jẹ ni ara náà fi ń kọ́ ilé tirẹ̀. Òróró ẹ̀pà, òróró sóyà àti irú wọn ní ọ̀rá kan tí ara lè fi ṣe prostaglandin tí ó le. Ṣùgbọ́n nínú ẹja olọ́ràá ni ọ̀rá mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní omega-3. Èyí tí ara bá fi ọ̀rá ẹja ṣe a máa rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Bí ọ̀rá ẹja bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú ara, a máa gba ipò lọ́wọ́ ọ̀rá kejì, ìfúnpọ̀ ilé-ọmọ a sì lè dẹ̀.

Ara ènìyàn kò lè dá ọ̀rá yìí ṣe tó bí ó ti nílò rẹ̀. Àwọn ewéko tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n léfòó nínú òkun, ni wọ́n ń ṣe é. Ẹja wẹ́wẹ́ a jẹ wọ́n, ọ̀rá náà a sì kó jọ sínú ẹran ara ẹja. Ẹni tí ó bá jẹ ẹja ni ó jẹ iṣẹ́ tí òkun ti ṣe sílẹ̀.

Dẹ́ńmáàkì jẹ́ orílẹ̀-èdè tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká. Ní ọdún 1995, onímọ̀ kan níbẹ̀, Bente Deutch, tẹ ìwádìí jáde lórí oúnjẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà. Ó rí i pé àwọn tí ọ̀rá ẹja kéré nínú oúnjẹ wọn ni inú rírun nígbà nǹkan oṣù wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wọn. Ní ọdún 1996, àwọn dókítà ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà kó ọmọbìnrin 42 jọ tí inú ń run gidigidi ní àkókò nǹkan oṣù. Wọ́n fún wọn ní òróró ẹja fún oṣù méjì, wọ́n sì fún wọn ní oògùn tí kò ní agbára kankan fún oṣù méjì mìíràn. Ní àwọn oṣù òróró ẹja ni ìrora wọn dín kù.

Ìwádìí méjì wọ̀nyí dá lórí inú rírun nígbà tí nǹkan oṣù ti dé. Ní ti ìnira tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an, àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Ìráànì tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2013. Àwọn obìnrin tí wọ́n fún ní omega-3 fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn, àìbalẹ̀ ara, orí fífọ́, ikùn kíkún àti ọmú dídùn rọlẹ̀ ju ti àwọn tí a fún ní oògùn aláìlágbára lọ.

Ó tọ́ kí a sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Òróró inú ẹja tí a dì sínú oògùn gbígbé mì ni àwọn oníwàádìí Cincinnati àti ti Ìráànì lò, kì í ṣe ẹja inú ọbẹ̀. Iye obìnrin tí wọ́n sì yẹ̀ wò kò pọ̀. Nítorí ìdí èyí, àwọn dókítà kò sọ pé ẹja ń wo ìnira yìí sàn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó lè ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ tí ó jẹ́ oúnjẹ, tí ó ń ṣe ara lóore ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n yóò kọ̀ sílẹ̀.

MÁ ṢE FOJÚ TẸ́ŃBẸ́LÚ EGUNGUN ẸJA KÉKERÉ

Ọ̀rá nìkan kọ́ ni ẹja fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1998, dókítà Susan Thys-Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 466 tí ìnira yìí ń bá jà. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú egungun le, ní ìwọ̀n 1,200 miligíráàmù ní ojoojúmọ́. Ní oṣù kẹta, ìnira àwọn tí ó ń lo kálísíọ̀mù ti fi 48 nínú 100 dín kù, nígbà tí ti àwọn tí kò rí nǹkan kan lò ju oògùn aláìlágbára lọ fi 30 nínú 100 dín kù. Ìyàtọ̀ náà kò kéré.

Ní ilẹ̀ tí màlúù pọ̀ sí, wàrà ni àwọn ènìyàn ti ń rí kálísíọ̀mù. Ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí omi àti ẹrọ̀fọ̀ kò ti fi ààyè sílẹ̀ fún màlúù, egungun ẹja kékeré ni wàrà àwọn ará ibẹ̀. Ẹran ara ẹja ńlá tí a ti yọ egungun rẹ̀ kúrò kò ní kálísíọ̀mù púpọ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, àti edé tí a ń gún tèèpo-tèèpo, ni ó ní in. Àgbà obìnrin nílò nǹkan bí 1,000 miligíráàmù kálísíọ̀mù ní ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 18 nílò 1,300, nítorí pé egungun tirẹ̀ ṣì ń dàgbà. Láìṣe àní-àní, ọmọ yìí ni ó yẹ kí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù nínú abọ́, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń fún ní èyí tí ó kéré jù.

Fítámì D tí ń ran kálísíọ̀mù lọ́wọ́ láti wọ inú ara wà nínú ẹja olọ́ràá pẹ̀lú. Ẹja sì tún ní fítámì B12 àti èròjà irin díẹ̀, àwọn tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun dípò èyí tí ó bá nǹkan oṣù lọ.

ẸJA WO, ẸJA MÉLÒÓ?

Inú gbogbo ẹni tí apò rẹ̀ kò wúwo yóò dùn láti gbọ́ pé ẹja tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí ó wọ́n jù. Ṣáwá àti agbódò, tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ lẹ́bàá etí òkun, jẹ́ ẹja olọ́ràá. Ẹni tí ó bá ń gbé òkè ilẹ̀ lè rí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ nínú ẹja Titus tí wọ́n ń tà nínú yìnyín. Àrọ̀ àti ẹpìyà jẹ́ oúnjẹ rere, wọ́n ń fún ara lókun, ṣùgbọ́n omega-3 inú wọn kò tó ti ẹja olọ́ràá inú òkun. Edé wúlò nítorí kálísíọ̀mù rẹ̀.

Jíjẹ ẹja ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó àtẹ́lẹwọ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kí obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú yẹra fún ẹja ńláńlá tí ń pa ẹja mìíràn jẹ, irú bí àkùràkudà, nítorí pé májèlé kan tí ń jẹ́ mẹ́kúrì a máa kó jọ sínú ara irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ kò ní in tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí jíjẹ náà máa lọ déédéé. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run kí ó tó wá ẹja ti pẹ́ jù. Ọ̀rá ẹja kì í ṣiṣẹ́ bí oògùn orí fífọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọ inú ara. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn obìnrin inú ìwádìí náà fi lò ó kí ìyàtọ̀ tó hàn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí má ṣe ṣe ìdájọ́ kí oṣù kẹta tó pé.

BÍ A ṢE LÈ SÈ É

Kí a bọ ẹja nínú omi ata, kí a fi se ọbẹ̀, tàbí kí a yan án: gbogbo èyí dára. Dídín ín nínú òróró púpọ̀ títí yóò fi gan ni kò dára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé òróró tí a fi dín in a máa wọ inú rẹ̀. Ṣáwá tí a ti yan gbẹ ṣeé gún tegungun-tegungun nínú odó títí yóò fi kúnná. Bí a bá bu ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ọmọ tí ń bẹ̀rù egungun pàápàá yóò jẹ ẹ́ láìsí ewu. Ó sì dára kí iyọ̀ àti magí dín kù nínú ọbẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú nǹkan oṣù, nítorí pé iyọ̀ a máa dá omi dúró nínú ara.

Ẹja olọ́ràá kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn, májèlé kan lè hù nínú rẹ̀ tí ó lè mú kí ara yún ènìyàn, kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí orí sì fọ́ ọ. Iná kò sì lè pa májèlé náà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fọ̀ ọ́ kí a sì yan án ní ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀ gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fín oògùn kòkòrò sí ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ ẹja tí a fi Gamalin pa nínú odò. Ẹni tí ó ń wá ìlera kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu májèlé sẹ́nu.

ÌPÍN OBÌNRIN NÍNÚ ÌKÒKÒ

Ìmọ̀ lásán kò lè fi ẹja sínú abọ́. Òkun ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ayétòrò láti ọdún púpọ̀ wá, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ti rì. Epo mọ́tò tí a fi ń lọ sí ojú òkun wọ́n. Nígbà tí nǹkan bá le, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá máa ń gé kù ni oúnjẹ ara rẹ̀. A tà á kí ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé. Ìfẹ́ ni ó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnìkan kò sì lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ara ìyá kò bá le, ta ni yóò yan ẹja ọ̀la? Bí ọmọbìnrin kò bá lè jókòó nínú kíláàsì fún ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, owó ilé-ìwé tí a san ti ń jò lọ.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a yọ ìpín ilé sọ́tọ̀ kí agbọ̀n tó kúrò nílé. Ìkúnwọ́ ṣáwá díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kò lè ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Èyí kò mú ọlá kúrò lára bàbá ilé. Kí ó máa gba orí ẹja tirẹ̀ bí àṣà ti rí. Kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹja wà nínú abọ́ ìyàwó rẹ̀ àti ti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré ń bí ìyàwó òun nínú, kí ó wo àmì tí ó wà lára ògiri kí ó tó dáhùn. Sùúrù ọjọ́ mẹ́ta sàn ju ìjà oṣù mẹ́ta lọ.

ÌGBÀ TÍ ẸJA NÌKAN KÒ TÓ

Àwọn obìnrin kan wà tí ìnira wọn kọjá ohun tí oúnjẹ lè tù. Nínú 100 obìnrin tí ń ṣe nǹkan oṣù, nǹkan bí 3 sí 8 ni ìbànújẹ́ àti ìbínú ọjọ́ wọ̀nyí máa ń le fún tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lè ṣe iṣẹ́ tàbí bá ènìyàn gbé pọ̀. Bí obìnrin bá ń sọ pé ayé sú òun, tàbí pé òun fẹ́ pa ara òun lára, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá. Oògùn wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Bákan náà ni kí obìnrin lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà jù, bí inú bá ń run ún ní ìgbà tí kì í ṣe àkókò nǹkan oṣù, tàbí bí ìrora bá ń le sí i láti oṣù dé oṣù. Kí ó mú àkọsílẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ dání, nítorí pé yóò ran dókítà lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá máa ń wú tàbí tí èémí rẹ̀ máa ń há nígbà tí ó bá jẹ ẹja tàbí edé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ nítorí ohun tí ó kà níhìn-ín. Ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bi dókítà kí ó tó ra òróró ẹja tí a dì sínú oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì máa gbé oògùn ìrora mì láìjẹun tàbí láìka iye rẹ̀, nítorí pé ó lè dá egbò sí inú.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ilẹ̀ Ìlàjẹ ti fi ẹja bọ́ àwọn ìlú tí ó jìnnà sí òkun láti ìgbà pípẹ́ wá. Kò ní dín kù nínú iyì rẹ̀ bí agbọ̀n tí ń lọ sí Ìgbókòdá bá fúyẹ́ ní ìwọ̀n ìkúnwọ́ díẹ̀, tí ìkòkò ilé sì wúwo díẹ̀ sí i. Ọwọ́ obìnrin ni ẹja ń gbà kọjá lọ sí ọjà. Ó tọ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ gba ẹnu rẹ̀ kọjá pẹ̀lú.